Bọ́ọ̀lù Mélòó Ló Tó Eléré Bowling?

Ní alẹ́ ọjọ́ líìgì, ní ilé bowling ní Amẹ́ríkà, àwọn eléré á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú ń fa àpò onítáyà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣí àwọn àpò náà, bọ́ọ̀lù mẹ́ta lè wà nínú ti ẹnì kan, mẹ́fà nínú ti ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lè wúwo tó kílò méje. Bẹ́ẹ̀, kí èèyàn yí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo lọ wó píìnì mẹ́wàá ni gbogbo eré náà dá lé. Kí wá ni ẹnì kan ń fi mẹ́fà ṣe?

Lọ́dọ̀ tiwa ní Èkó, fàájì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ bowling sí. Ẹni tó bá lọ sí irú ibi bíi Rufus & Bee ní Lẹ́kí á sanwó, á mú bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà lórí àgbékà, á yí i, á bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, á jẹun, á sì máa lọ sílé. Ará Àjàrá ní Àgbádárìgì lè gbéra láàárọ̀, kó gba títì márosẹ̀ dé Mile 2, kó sọdá sí Erékùṣù, kó ta géèmù méjì, kó sì padà délé lọ́jọ́ kan náà bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá gbà fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò bọ́ọ̀lù kankan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ń ta bowling lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò ní ohun tí yóò fi bọ́ọ̀lù ṣe nílé ju kó máa fi ti ilẹ̀kùn lọ.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí eré náà bá wọ èèyàn lára.

Bọ́ọ̀lù tó wà lórí àgbékà, gbogbo ayé ni wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀ fún, ìdí nìyẹn tí kì í fi í bá ọwọ́ ẹnikẹ́ni mu dáadáa. Bí ihò àtàǹpàkò bá fẹ̀ jù, èèyàn á máa fi agbára di bọ́ọ̀lù mú kó má baà já bọ́. Ọrùn ọwọ́ á le, èjìká á le, bọ́ọ̀lù kò sì ní lọ síbi tí a rán an. Bí ihò náà bá fún jù, àtàǹpàkò á há sínú rẹ̀ ní àsìkò tó yẹ kó jáde. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ ra bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ ló yẹ kó jẹ ẹ́ lógún jù. Kò sí àwọ̀ tó rẹwà tàbí orúkọ ilé iṣẹ́ tó gbajúmọ̀ tó lè rọ́pò rẹ̀. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á wọn àlàfo tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka méjì tó kù tí wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù, á wo bí ìka ṣe ń tẹ̀, kó tó gbé ẹ̀rọ lé e. Ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá ọwọ́ rẹ̀ mu lè gbé èyí tó wúwo ju ti àgbékà lọ, kó sì ta géèmù mẹ́ta láìjẹ́ pé apá ń dùn ún. Páùn 16 ni òfin fi ṣe òpin ìwúwo. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n ta ló ń lo páùn 14 tàbí 15.

Bọ́ọ̀lù kan nìyẹn. Ohun tó ń sọ ọ́ di méjì, tó ń sọ méjì di mẹ́fà, ojú lásán kì í tètè rí i. Òróró ni.

Léènì bowling gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60 láti orí ìlà tí eléré kò gbọdọ̀ tẹ̀ kọjá títí dé píìnì iwájú. Ó fẹ̀ tó ínṣì 41 àti ààbọ̀, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ 39 ló sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí rẹ̀, yálà igi gidi ni o, tàbí èyí tí wọ́n kàn ya ìlà pákó sí lára. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kan á rìn lórí rẹ̀, á nu òróró àná kúrò, á sì tẹ́ tuntun sí i, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ẹni tó dúró lókèèrè á kàn rò pé ilẹ̀ náà ń dán ni. Òróró yìí kì í dé ọ̀dọ̀ píìnì. Ó sábà máa ń dúró ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, ibi tó kù á gbẹ. Ní ọ̀pọ̀ ilé bowling, àárín léènì ni wọ́n máa ń da púpọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí bọ́ọ̀lù tí ọwọ́ bá jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè rí ilẹ̀ dì mú padà wá sáàárín. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn oníbàárà wọn.

Ẹ wá wo bọ́ọ̀lù kan tí ọlọ́wọ́ ọ̀tún jù. Bó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yípo, ṣùgbọ́n yíyọ̀ ló ń yọ̀ lọ, nítorí òróró kò jẹ́ kó rí ilẹ̀ dì mú. Ó kọjá ìdajì léènì, ó ń sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bí ẹni tó fẹ́ já sí kòtò. Òróró tán. Ara bọ́ọ̀lù kan pákó gbígbẹ, ó yà sí òsì lójijì, ó sì wọ àlàfo tó wà láàárín píìnì iwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún. Gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣubú. Sítíráìkì nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kò mọ̀ ni pé nínú sítíráìkì tó péye, píìnì mẹ́rin péré ni bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ fara kàn. Píìnì ló ń lu píìnì mẹ́fà tó kù.

Kí bọ́ọ̀lù lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Àjọ USBC tó ń darí bowling ní Amẹ́ríkà ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé bí ìdàgẹ̀rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù fi wọlé bá tó nǹkan bíi digírì 6, àyè tó lè fi wó gbogbo píìnì máa ń gbòòrò jù. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù gbọọrọ kò lè dé ibẹ̀, kódà kó dúró sí etí léènì, torí léènì náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àfi kí bọ́ọ̀lù yà. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀lù sì ti lo àádọ́ta ọdún tó kọjá láti mú kó máa yà sí i.

Igi líle ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀lù láyé àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, rọ́bà rọ́pò igi. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1960, ike wọlé dé. Kò sí èyí tó ń yà púpọ̀ nínú wọn, eléré ìgbà náà sì lè fi bọ́ọ̀lù kan ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1973, Don McCune, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fi eré náà jẹun, rẹ bọ́ọ̀lù oníke rẹ̀ sínú kẹ́míkà kan títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Bọ́ọ̀lù náà bẹ̀rẹ̀ sí di léènì mú bí kò ṣe ṣe rí. Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ PBA, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn amọṣẹ́dunjú, fi McCune ṣe eléré tó ta yọ jù lọ. Àwọn aláṣẹ ṣòfin nípa bí bọ́ọ̀lù ṣe gbọ́dọ̀ le tó, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là ná. Ní 1981, bọ́ọ̀lù urethane jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, èyí tí wọ́n ń pè ní reactive tẹ̀ lé e, ihò tí ojú kò lè rí ló sì kún ara rẹ̀, tó ń fa òróró mu.

Bí èèyàn bá gbé bọ́ọ̀lù reactive tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ píìnì padà wá sójú iná, á rí ìlà òróró lára rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, wọ́n pọ̀, wọ́n sì jìnnà díẹ̀ síra wọn. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù ti fara kan léènì nígbà tó ń yí. Kókó wíwúwo kan tí wọ́n mọ sínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa pààrọ̀ ibi tó fi ń kan ilẹ̀, kí apá tó mọ́ lè máa bá pákó pàdé. Eléré á fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún dáadáa kó tó jù ú padà. Òróró tó wà lórí táwẹ́ẹ̀lì yẹn ti kúrò lórí léènì. Bí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ń ta lórí léènì kan náà fún wákàtí kan, ibi tó kún fún òróró ní géèmù àkọ́kọ́ á ti gbẹ ní géèmù kẹta. Bọ́ọ̀lù tó ń wọlé wẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí yà jù, á máa kọjá sí òsì.

Ọ̀rọ̀ yìí á yé àwọn apẹja etí ọ̀sà Àgbádárìgì kíákíá: omi yàtọ̀, ẹja yàtọ̀, ojú àwọ̀n náà sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù tó lágbára, ìyẹn èyí tó ń yà púpọ̀, wà fún léènì tí òróró kún, èyí tó rọlẹ̀ wà fún léènì tó ti ń gbẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nídìí àpò ńlá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ yìí ni àwọn olùtajà ń nà títí, tó fi di pé ẹni tí kò tíì lè ju bọ́ọ̀lù síbì kan náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ń ra bọ́ọ̀lù karùn-ún.

Bọ́ọ̀lù kejì ló yẹ ká sọ̀rọ̀ lé lórí jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú kéré. Òun ni bọ́ọ̀lù oníke, èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, tí kì í yà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó píìnì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìjù àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní sípíà. Fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, píìnì kẹwàá tó dá dúró ní igun ọ̀tún pátápátá ló máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá fi bọ́ọ̀lù tó ń yà lé e, bọ́ọ̀lù náà á yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní àsìkò tó yẹ kó kàn án. Oníke kò bìkítà fún òróró. Ibi tí a bá rán an ló ń lọ.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Ká ní ẹnì kan ń wó píìnì mẹ́sàn-án ní ìjù àkọ́kọ́ ní gbogbo ìpele mẹ́wàá géèmù, tí kò sì rí ẹyọ kan tó kù kó lẹ́ẹ̀kan: 90 ni yóò gbà. Ká ní ó ń wó mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n tó ń kó ẹyọ tó kù nígbà gbogbo, tó sì tún wó mẹ́sàn-án ní ìjù àṣekágbá: 190, torí wọ́n máa ń fi iye ìjù tó tẹ̀ lé sípíà kún un. Kò ta sítíráìkì kankan, bẹ́ẹ̀ ó fi 100 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò sí bọ́ọ̀lù olówó gọbọi kankan tó lè fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ní irú èrè yẹn. Walter Ray Williams Jr., tó gba ife PBA 47, tí kò tíì sí ẹni tó gbà tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yà ju ti gbogbo ayé lọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ibi tó fojú sí ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ, kì í sì í fi sípíà ṣeré.

Ọ̀kan tó ń yà, ọ̀kan tó ń lọ gbọọrọ: méjì yìí tó ẹni tó bá ń ta ní líìgì kan, ní ilé bowling kan ṣoṣo. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó ra ẹ̀kẹta, ohun kan wà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan tó yẹ kó kọ́kọ́ dán wò. Ojú bọ́ọ̀lù ni. Pépà ìyọ̀nrin onífóòmù tí wọ́n fi nọ́ńbà sàmì sí wà, láti 500 tó rí ṣákaṣàka dé 4000 tó kúnná. Bọ́ọ̀lù tí a fi 500 ha á tètè di léènì mú. Bí a bá dán bọ́ọ̀lù kan náà títí tó fi ń kọ mọ̀nà, á yọ̀ jìnnà kó tó yà. Òfin gbà kéèyàn ṣe èyí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kò gbà á ní àárín ìdíje. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ pépà yìí á rí i pé bọ́ọ̀lù kan tó wà nílé lè ṣe iṣẹ́ tó ń múra láti sanwó fún.

Bí òróró léènì bá ń gbẹ ní àárín ìdíje, tí kò sì sí àyè láti fọwọ́ kan ojú bọ́ọ̀lù, ìgbà yẹn ni ẹ̀kẹta wúlò. Kó jẹ́ èyí tó rọlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ gidigidi. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé bọ́ọ̀lù tó dùn mọ́ èèyàn, irú rẹ̀ náà ló máa ń tún lọ rà: orúkọ yàtọ̀, àwọ̀ yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà. Èèyàn lè ní márùn-ún báyìí kó máà ní ju méjì lọ.

Ta wá ló nílò mẹ́fà ní tòótọ́? Àwọn amọṣẹ́dunjú ni. PBA ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́ òróró, wọ́n sì fi orúkọ ẹranko pe àwọn kan nínú wọn: Cheetah kúrú, Shark gùn. Àwọn olùkọ́ ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń mọ ibi tó yẹ kí bọ́ọ̀lù ti yà: wọ́n á yọ 31 kúrò nínú gígùn òróró. Bí òróró bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 35, pákó kẹrin láti ẹ̀gbẹ́ ni. Bó bá jẹ́ 45, ó di pákó kẹrìnlá. Ẹni tó bá ń bá irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ pàdé láti ìlú kan sí òmíràn, tí owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ẹ̀kan ṣoṣo rìn. Àwọn tó gbajúmọ̀ nínú wọn, ilé iṣẹ́ ló ń fún wọn ní bọ́ọ̀lù. Wọn kì í fi owó ara wọn rà á. Òṣìṣẹ́ tó ń wò wọ́n lórí tẹlifíṣọ̀n ló ń san dọ́là 150 sí 250 lórí bọ́ọ̀lù reactive kan, kó tó kan owó gbígbẹ́ ihò.

Bọ́ọ̀lù tó pọ̀ nílé kì í ṣe dúkìá tó ń pa owó mọ́, pàápàá. Reactive tó ti mu òróró yó kì í yà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àfi kí wọ́n fi omi gbígbóná fa òróró náà jáde. Òfin náà ń yí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, USBC fòfin de ihò àfikún tí wọ́n máa ń gbẹ́ sára bọ́ọ̀lù láti yí ìwọ́ntúnwọ̀nsì rẹ̀ padà. Ẹni tí mẹ́fà rẹ̀ ní irú ihò bẹ́ẹ̀ ní láti san owó dídí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà. Ní 2022, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má lo bọ́ọ̀lù Purple Hammer tí wọ́n ṣe ní 2016 àti 2017 nínú ìdíje àpapọ̀ USBC mọ́, torí pé àyẹ̀wò fi hàn pé ó rọ̀ ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ.

Ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú nínú eré yìí sì jẹ́ ká rí ohun tó ṣáájú bọ́ọ̀lù. Àjọ ABC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1895, ló ń darí bowling ní Amẹ́ríkà nígbà náà, òfin rẹ̀ sì fi àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba etíkun bíi ti Àgbádárìgì kọjá sẹ́yìn òde. Ní 1939, ní ìlú Detroit, àwọn aláwọ̀ dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ọdún 1950 ni ABC tó yọ òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà náà kúrò. Ní 1964, Louise Fulton di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife àwọn amọṣẹ́dunjú. Ní 1986, George Branham III di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife PBA, ó sì tún gba ife Tournament of Champions ní 1993. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, Gary Faulkner Jr., kò dé àfi ní 2015. Kì í ṣe àìní bọ́ọ̀lù ló dá wọn dúró tó bẹ́ẹ̀. Léènì ni wọn kò jẹ́ kí wọ́n dé.

Ìṣòro léènì yìí ni tiwa náà ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó fà á yàtọ̀. Ibi tí èèyàn ti lè ta kò pọ̀, láti Àjàrá ó jìnnà, owó géèmù kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́tọ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ mọ eré yìí ta gan-an, tó sì ní iye owó kan lọ́wọ́, á ṣe ara rẹ̀ lóore bó bá fi ra bọ́ọ̀lù kan tó bá ọwọ́ rẹ̀ mu, kó fi ìyókù san owó géèmù, kó sì máa kọ píìnì tó ń ṣẹ́kù sílẹ̀ lẹ́yìn ìjù kọ̀ọ̀kan. Ìwé yẹn ni yóò sọ fún un bóyá oníke ló kù tàbí òmíràn.

Bó bá sì di ọjọ́ tó fẹ́ gba Èkó wọkọ̀ òfuurufú lọ ta ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ló ń gba kílò 23 fún àpò kan. Bọ́ọ̀lù páùn 15 kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 7. Mẹ́ta á wọnú àpò náà fúyẹ́: èyí tó lágbára, èyí tó rọlẹ̀, àti oníke. Bàtà àti táwẹ́ẹ̀lì á bọ́ sínú àpò ọwọ́. Bọ́ọ̀lù kẹrin, àpò kejì ló máa gbé e.